Ẹ gbé báàgì lófìfo kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra báàgì ìrìnàjò l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́, ẹ kó gbogbo bébà tí wọ́n rọ sínú ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ wá fi ìka méjì gbé e lófìfo, tó bá ti ń fa ọwọ́ yín ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Táyà àti irin tí wọ́n fi ń fà á ló sábà máa ń jẹ́ kó wúwo, àwọn ọkọ̀ òfuurufú kan ò sì gbà ju 7kg lọ fún ẹrù ọwọ́, t'òun ti báàgì fúnra ẹ̀. Báàgì aláṣọ náílọ́ọ̀nù dúdú tí ò ní táyà, tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n fi awọ díẹ̀ sí létí, ṣì máa bá agbádá lọ dáadáa. Ẹ fa síìpù ẹ̀ dé igun, ibẹ̀ ló ti máa ń há. Àmọ́ tẹ́rù bá pọ̀, èjìká á sọ̀rọ̀ o, onítáyà ló dáa fún ìyẹn.