Bí mo ṣe kọ ìtàn Bàámi sínú ìwé ètò ìsìnkú

Ojú ewé méjì péré ni onítẹ̀wé tó wà lójú ọ̀nà Arákàlẹ̀, l'Ákùúrẹ́, ní òun lè fi sílẹ̀ fún ìtàn Bàámi. Fọ́tò àti orin ìsìn ti gba ìyókù. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù ká sin wọ́n.

Ọdún ìbí ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Káàdì ìdìbò wọn ní 1950, ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 1946. Mo bá gba ilé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin lọ n'Ísìkàn. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín sí mi: "Ìwé ìbí wo? Etí la fi ń mọ ọjọ́ orí nígbà yẹn." Ní January 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọmọ tó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, tó kan etí òsì, ni wọ́n ń gbà. Ọwọ́ Bàámi ò kan tiwọn. Wọ́n sunkún láti ilé ìwé títí délé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n máa ń ka irú wọn sí, nítorí náà mo yọ mẹ́fà kúrò nínú 1956. Káàdì ìdìbò ló jàre.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ kí n to àwọn oyè yunifásítì wa síbẹ̀. Mo kọ̀. Ṣé àwa la fẹ́ sin ni?

Inú àpótí ẹrù wọn ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ kọ: ìwé kékeré kan tí ikán ti jẹ létí, tí orúkọ àwọn tó yáwó lọ́wọ́ wọn kún inú rẹ̀. Láti 1986, tí ìjọba tú bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ká tí owó kòkó sì gbéra sókè, ni orúkọ ti pọ̀ sí i. Owó ìdánwò ọmọ. Owó páànù. Owó ìtọ́jú aláboyún. Wọ́n kọ "ó san" síwájú àwọn kan. Àwọn mìíràn, wọ́n kàn fa ìlà lé wọn lórí. Mo ti rò pé ìkan náà ni méjèèjì, àfìgbà tí mo béèrè lọ́wọ́ bíríkìlà kan tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ìlà.

"Mi ò san kọ́bọ̀," ló wí. "Ọdún kẹta ni wọ́n ní kí n yéé sá fún àwọn lójú ọ̀nà oko Ìdànrè."

Mo padà lọ ka ìlà. Mọ́kànlélógójì. Mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìtàn, mo kọ iye rẹ̀ nìkan.

Kí a tó tẹ̀ ẹ́, mo kà á fún Ìyá Àgbà lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹkún ọjọ́ ilé ìwé yẹn dà?"

Mo ní àyè ò gbà á.

"Yọ fọ́tò kan."

Tèmi ni mo yọ.