Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Tí Ẹ́ńjìnì Bọ́ọ̀sì Àtijọ́ Fi Ń Gbóná Jù

Kí ẹnikẹ́ni tó tú ohunkóhun lára bọ́ọ̀sì tó ń gbóná, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ìgbà tó máa ń gbóná. Bọ́ọ̀sì tó ń hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ bó bá ti bọ́ sójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àìsàn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó ń ṣe dáadáa nínú ìlú ṣùgbọ́n tí ọwọ́ gééjì ooru rẹ̀ ń gòkè bó bá kó èrò gun òkè Mọ́kọ́lá. Ọ̀pọ̀ owó tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń ná sórí ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà Gate n'Ìbàdàn ni wọn ì bá má ná, ká ní wọ́n ti fara balẹ̀ kíyè sí èyí.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ (ibi tí omi ẹ́ńjìnì ti ń tutù). Omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ti kọjá 100°C láìtíì hó, nítorí pé ìdérí náà ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ẹ bá sì ṣí i, yóò tú sí yín lójú. Ìdérí yìí gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, nítorí kò wọ́n, kò sì gba irinṣẹ́. Bí nọ́ńbà orí rẹ̀, tó ń sọ bó ṣe ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tó, bá jẹ́ 0.9, omi lásán kò ní hó títí yóò fi tó nǹkan bíi 118°C. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti sán, omi yóò máa hó ní 100°C, yóò sì máa tú jáde bí ẹni pé rédíétọ̀ ló bàjẹ́.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan tàbí tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ ló ń gbóná, fáànù ni kí ẹ dojú kọ, nítorí pé bí ọkọ̀ kò bá sáré, kò sí atẹ́gùn mìíràn tó lè tu rédíétọ̀ lára. Bó bá jẹ́ fáànù oníná, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí ọwọ́ gééjì yóò fi kọjá àárín díẹ̀. Bí fáànù kò bá yí, ẹ yọ wáyà méjì ẹnu súìṣì ara rédíétọ̀, kí ẹ so wọ́n pọ̀: bó bá yí nígbà náà, súìṣì ló kú, bí kò bá yí, fíúùsì, ríléè tàbí mọ́tò fáànù ni, ẹ pe ríwáyà. Nínú ọ̀pọ̀ HiAce àtijọ́, bẹ́líìtì ló ń yí fáànù, kílọ́ọ̀ṣì olóróró sì wà láàárín wọn. Ẹ pa ẹ́ńjìnì nígbà tó bá gbóná, kí ẹ fi ọwọ́ yí fáànù náà. Ó yẹ kó le díẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá ń yí fìrìfìrì bí òkòtó, oróró inú kílọ́ọ̀ṣì ti jò tán.

Èyí tó ń gbóná lórí eré tàbí lórí òkè ló gba sùúrù jù. Ẹ wo ojú rédíétọ̀ bóyá eruku ọyẹ́ àti òkú kòkòrò ti dí i, kí ẹ sì fi omi tí kò lágbára jù fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn síwájú. Inú rẹ̀ ló kàn. Omi bọ́hóòlù àti ti kànga tí a máa ń dà sí i ní èròjà ilẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ihò tín-ín-rín náà títí wọn yóò fi dí, ìdí nìyẹn tí kúláǹtì (omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀) fi sàn jù wọ́n lọ. Ẹ pa ẹ́ńjìnì tó gbóná, ẹ yọ wáyà fáànù kó má baà yí lójijì, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ojú rédíétọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì: ibi tó bá tutù láàárín ibi gbígbóná ni omi kò gbà kọjá mọ́. Kí ẹnìkan tún tẹ iná fún ẹ́ńjìnì nígbà tí ẹ bá ń wo hóòsì ìsàlẹ̀. Bó bá fún pọ̀, ó ti rọ̀ jù, tàbí kí rédíétọ̀ ti dí.

Ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, máa ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì yóò yọ ọ́ dànù, wọn yóò ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, òun náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi gbígbóná lè gbà padà láìdé rédíétọ̀, nítorí náà yíyọ rẹ̀ lè mú kí ooru pọ̀ sí i lórí òkè. Bí gééjì bá ti ga tí hóòsì òkè sì tutù, ó ṣeé ṣe kí tẹ́mósítáàtì ti dì pa. Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò ṣí ní ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, èyí tó sábà máa ń wà láàárín 80°C sí 90°C.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gééjì pátápátá. Bí omi bá ti gbẹ kúrò níbi tí ẹ̀yà tó ń wọn ooru fún un wà lára ẹ́ńjìnì, ọwọ́ rẹ̀ lè jábọ́ sí ibi tútù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń jóná lọ́wọ́.

Ní ti Volkswagen tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, àwọn tó pẹ́ jù kò ní rédíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ló ń tù wọ́n. Àwọn olómi ní rédíétọ̀ níwájú, páìpù gígùn sì wà lábẹ́ ọkọ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ máa ń há sínú wọn lẹ́yìn tí a bá da omi tuntun. Ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì tú u jáde láti òkè rédíétọ̀.

Bí gbogbo èyí bá dára tí omi sì ń dínkù láìsí ibi tó ń jò, tópù gásíkẹ́ẹ̀tì (ìtẹ́ tó wà láàárín tópù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, àti ara ẹ́ńjìnì) ló kù. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ tan ẹ́ńjìnì. Bí omi bá ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀ láìdáwọ́ dúró, tàbí tí hóòsì òkè le gbandi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ dé e padà, èéfín inú sílíńdà ti ń wọ inú omi. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan kò tó nígbà náà. Kí mẹkáníìkì fi irin títọ́ wọn ojú tópù bóyá ó ti wọ́, bó bá sì ti wọ́, kí wọ́n gé e tẹ́jú kí wọ́n tó dì í padà.