Ọrùn Dúdú Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Fura Pé Họ́mọ́ọ̀nù Ló Ń Mú Wa Sanra

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbo ọrùn mi. Nílé wa ní Ìgbògbò, ní Ìkòròdú, ní ìdájí, kí n tó sáré lọ wọ ọkọ̀, màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kànrìnkàn, màá fi ọṣẹ dúdú lé e, màá sì gbo ọrùn náà títí á fi máa ta mí. Dúdú ọ̀hún ò kúrò. Ó wà ní abíyá, ó wà láàárín itan, ó ki, ó sì múlọ́ bí aṣọ àrán. Ìdọ̀tí ni mo pè é. Ìyá aláta tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sábó náà rí i, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé omi ò yọ ládùúgbò yín ni?" Ojú tì mí débi tí mo gbàgbé ṣéńjì mi.

Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ínsúlínì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ni họ́mọ́ọ̀nù tó ń kanlẹ̀kùn kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè wọlé sínú ẹran ara. Bí ara bá ti ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kíkan rẹ̀ mọ́, ṣe ni yóò máa pèsè rẹ̀ sí i, èyí tó pọ̀ jù náà ló sì ń mú kí awọ ọrùn ki kó sì dúdú. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ní PCOS, ìyẹn àìsàn họ́mọ́ọ̀nù tó ń da ẹyin àti nǹkan oṣù rú, àti lára àwọn tí àtọ̀gbẹ ń bọ̀ lọ́nà wọn. Kànrìnkàn kan ò lè bó o. Bí ínsúlínì bá wálẹ̀, ọrùn fúnra rẹ̀ á máa mọ́ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni, àmọ́ oògùn yẹn kì í ṣe èyí tí à ń fi omi gbé mì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a sanra láìròtẹ́lẹ̀, tí nǹkan oṣù wa ń ṣe ségesège, tí irun ń hù nígbọ̀n wa, a fura lóòótọ́. Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé a ò tíì mọ ohun tó ń ṣe wá, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀.

Ìpara inú ike

Àṣìṣe tó tẹ̀lé kànrìnkàn lọ́wọ́ mi ló burú jù, òun ni màá sì pẹ́ lé lórí. Mo ra ìpara ìbóra. Àwọn tó ń po ìpara sínú ike kì í kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára. Èyí tí mo rà, ohun tí ẹni tó tà á fún mi sọ kò ju pé, "Àǹtí, ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ ó wá dúpẹ́." Clobetasol ló máa ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ irú ìpara bẹ́ẹ̀. Sítẹ́rọ́ọ̀dù tó lágbára gan-an ni, tí dókítà máa ń fún ẹni tí àìsàn awọ ń ṣe fún ọjọ́ níwọ̀nba, lójú ibi tó ń dùn ún nìkan. Bí èèyàn bá wá fi ń pa gbogbo ara lóṣooṣù, ó ń gba inú awọ wọ ẹ̀jẹ̀ lọ ni. Ara á rò pé cortisol ni, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù tí ara fúnra rẹ̀ fi ń kojú wàhálà, ó sì ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú á yí roboto bí òṣùpá, ikùn á yọ, ọ̀rá á gun ẹ̀yìn ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ á wá máa tín-ín-rín. Awọ á fẹ́lẹ́, á máa tètè dápàá, ìlà fífẹ̀ tó jọ àwọ̀ elésè-àlùkò á là káàkiri ikùn. Ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á gòkè.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Mo ti sanra tẹ́lẹ̀, mo tún fowó ara mi ra ìsanra mìíràn nínú ike.

Oṣù mẹ́rin ni mo lò ó. Nígbà tí ojú mi kún, ṣe ni wọ́n ń kí mi níbi ìgbéyàwó: "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rèé! Owó ti wọlé o!" Lọ́dọ̀ wa, kú oríire là ń kí ẹni tójú rẹ̀ kún, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló ń pa lára.

Àwọn mìíràn ò pa sítẹ́rọ́ọ̀dù, wọ́n gbé e mì ni. Dexa tí ọ̀rẹ́ ní kí wọ́n lò kí ìdí lè yọ ṣáájú ìgbéyàwó. Oògùn ara ríro tí wọ́n di wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sínú ọ̀rá fún wọn ní kẹ́míìsì. Àgbo tí ẹnì kan ti lọ oògùn òyìnbó sí. Ẹni tó bá ti lo irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, tó ka ohun tí mo kọ yìí tí ẹ̀rù wá bà á, jọ̀wọ́, má ṣe já a sọnù lọ́jọ́ kan. Lórí kíndìnrín ni ẹṣẹ́ kékeré méjì kan wà tó ń ṣe cortisol. Bí ti òde bá ti ń wọlé lójoojúmọ́, àwọn náà á sùn lọ. Bí a bá gé ti òde lójijì kí wọ́n tó jí, ara á rọ pátápátá, èèyàn á máa bì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ó sì lè gbẹ̀mí. Dókítà ló máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni ìpara tó lágbára tí wọ́n ti fi pa gbogbo ara fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ bá mi yẹ họ́mọ́ọ̀nù wò"

Láti Ògòlóńtò títí dé Odógunyàn, ilé àyẹ̀wò ò wọ́n. Ẹ kàn máa wọlé ni, ẹ ní kí wọ́n bá yín yẹ họ́mọ́ọ̀nù wò, wọ́n á sì bá yín ṣe é. Owó tí mo san lọ́jọ́ náà tó ra gàrí tí a ó jẹ fún oṣù méjì. Wọ́n fún mi níwèé tó kún fún nọ́ńbà, mo gbé e lọ sórí Google, Google sì sọ mí di aláìsàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀jẹ̀ ní àkókò tirẹ̀. Ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún nǹkan oṣù ni wọ́n sábà máa ń gba ti FSH àti LH, àwọn họ́mọ́ọ̀nù tó ń darí ẹyin. Cortisol àárọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti alẹ́. Prolactin, họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú kí omi ọmú wá, lè ga nítorí pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù kìkì. Ẹni tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, àyẹ̀wò họ́mọ́ọ̀nù akọ lára rẹ̀ lè máà sọ òótọ́. Oògùn irun àti èékánná tí gbogbo wa ń gbé mì sì rèé: biotin tó pọ̀ nínú rẹ̀ lè mú kí àyẹ̀wò táírọ́ìdì, ìyẹn ẹṣẹ́ kan lọ́rùn, jọ ti ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù, tí kò sì sí nǹkan kan. Ó kéré tán, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ti ń lò ó. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dá, àyẹ̀wò oyún ni kó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó kéré lówó jù nínú gbogbo wọn, òun náà la sì máa ń fò.

Skáànù ńkọ́? Skáànù nìkan kò tó láti fi pe èèyàn ní aláìsàn PCOS. Láti ọdún 2003 ni àwọn oníṣègùn ti fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta, tí méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ pé: nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, àmì họ́mọ́ọ̀nù akọ tó pọ̀ jù, yálà lára tàbí nínú ẹ̀jẹ̀, àti àpò ẹyin wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó pọ̀ jù lójú skáànù. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún rí i dájú pé kì í ṣe táírọ́ìdì tàbí prolactin ló fà á. Àìsàn tó wọ́pọ̀ ni: bí obìnrin mẹ́wàá tó ṣì lè bímọ bá jókòó, ó ṣeé ṣe kó wà lára ọ̀kan nínú wọn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in, tó lè tó 70 nínú 100, ni kò mọ̀.

Táírọ́ìdì ni èmi fura sí, torí gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn ìyá ìyá mi. Ẹṣẹ́ kékeré tó rí bíi labalábá níwájú ọrùn ni táírọ́ìdì. Bí kò bá ṣiṣẹ́ tó, òtútù á máa mú èèyàn, ìgbẹ́ á máa le, ara á máa wúwo, èèyàn á sì sanra díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Kì í sábà ju bíi kílò 2 sí 5 lọ, omi àti iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èmi ti fi kílò 20 kún ara. Òun nìkan kọ́ ló máa jẹ́jọ́ ìyẹn. Èèyàn mi kan ń lo oògùn táírọ́ìdì, ó ní kí n gba díẹ̀ nínú tòun, kí n fi fọn. Ọpẹ́ ni pé n kò gbà á. Ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ dára tó bá ń gbé oògùn yẹn mì, ọkàn rẹ̀ á máa lù ségesège, egungun rẹ̀ á sì máa fẹ́lẹ́.

Ebi, tíì, òṣùwọ̀n

Èyí ò ní gùn. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ lérékùṣù mọ̀ bó ṣe rí: ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí a ti tò sórí ìlà ọkọ̀, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ a ṣì wà ní Mile 12. Mo ní mò ń dín oúnjẹ kù. Ohun tí mò ń ṣe ni pé n kì í jẹun láàárọ̀, màá fi bọ́ọ̀nù àti mínírà tí mo rà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pa ebi, màá wá jẹ ẹ̀bà ràbàtà ní aago mẹ́wàá alẹ́, màá sùn fún wákàtí mẹ́rin. Oorun tí kò tó a máa fi kún ebi ọjọ́ kejì. Họ́mọ́ọ̀nù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló ra bọ́ọ̀nù.

Ìkọ́kọrẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi òfin dè, bí ẹni pé ewùrà ló ṣẹ̀ mí. Ìyá mi jẹ ẹ́ dàgbà, kò sanra. Epo ni n kò fura sí: ṣíbí ìjẹun kan epo pupa ní nǹkan bíi kálórì 120, èmi sì máa ń da epo bí ẹni ń da omi ni. Nígbà tí mo dín epo kù, tí mo bu ewùrà ní ìdajì, tí mo fi ẹja Bàyékù àti ẹ̀fọ́ kún àwo, mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi padà.

Tíì ìfọnkùn: ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Omi àti ìgbẹ́ lẹ ń sọnù, ọ̀rá ò kúrò níbi tó wà, kò sì dára fún ọkàn bí iyọ̀ ara bá dà nù púpọ̀. Wọ́n ti bá sibutramine nínú àwọn mìíràn, oògùn tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà ní 2010 torí ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ní ti abẹ́rẹ́ ìfọn tí gbogbo èèyàn ń pariwo, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ ní 2024 pé ayédèrú rẹ̀ ti wà nígboro. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lórí Instagram.

Ẹ sì má jẹ́ kí òṣùwọ̀n máa bú yín láràárọ̀. Fún ẹni tó ní PCOS tó sì sanra, bí ìdá 5 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ bá lọ, nǹkan oṣù lè bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Ẹni tó wọn kílò 92, bíi kílò 4 àti ààbọ̀ péré nìyẹn. Aṣọ á ti mọ̀ kí òṣùwọ̀n tó mọ̀.

Ìròyìn ayọ̀ yẹn náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ara tó ti gbàgbé bí a ṣe ń yọ ẹyin lè rántí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá bí metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n tún máa ń fún àwọn tó ní PCOS, bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó rò pé òun ò lè lóyún, tí kò sì fẹ́ ẹ báyìí, kó má fi ìrètí dáàbò bo ara.

Nǹkan oṣù tí kò wá

"Ó sinmi mí jàre." Mo ti sọ ọ́ rí. Oṣù márùn-ún ni kò fi wá, mo sì ń dúpẹ́ pé mo bọ́ lọ́wọ́ inú rírun. N ò mọ̀ pé bí kò bá wá fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, tí kì í sì í ṣe oyún, tí kì í ṣe ọmú fífún, ara inú ilé ọmọ lè máa ki sí i lóṣooṣù láìrí ibi yọ, àti pé bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ewu jẹjẹrẹ ilé ọmọ á máa pọ̀ sí i. Oògùn wà tí dókítà máa ń fún èèyàn láti mú kó wá. Kò yẹ kéèyàn dúró dìgbà tó bá tó fọn kó tó lọ gbà á.

Nígbà tí mo wá lọ sílé ìwòsàn ìjọba, àpò ọ̀rá ni mo gbé lọ, torí nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ti sọ fún mi pé kí n má fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé: oògùn irun, tíì, ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ìgò àgbo tó ti ṣẹ́kù díẹ̀, ìwé kékeré tí mo kọ ọjọ́ nǹkan oṣù sí, àti ike ìpara. Táírọ́ìdì mi mọ́ tónítóní. Kí wọ́n tó mọ ìyẹn ṣá, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ kan rárá, dókítà da gbogbo ẹrù náà sórí tábìlì, ó wo ojú mi, ó wo ẹ̀yìn ọrùn mi, ó sì mú ike ìpara. Ó ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ èyí?"