Bí Mo Ṣe Yọ́ Titanium Tí Egungun Lè Bá Gbé

Irin àkọ́kọ́ tí mo yọ́, àwọ̀ aró ló mú jáde, bí àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò. Ó wù mí í wò. Bí ọ̀gá mi ṣe rí i, wọ́n ní, "Ọ́síjìn ti wọ̀ ọ́. Kò wúlò mọ́."

Ti-13Nb-13Zr ni mo ń ṣe, ìyẹn titanium tí wọ́n pò mọ́ irin méjì mìíràn, niobium àti zirconium, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Titanium tí wọ́n pò mọ́ aluminium àti vanadium wà lára irin tó wọ́pọ̀ jù tí wọ́n ń fi rọ́pò egungun ìtan, ṣùgbọ́n ó gan tó nǹkan bíi 110 GPa (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe gan tó), egungun kò sì ju 10 sí 30 lọ. Irin tó gan tóyẹn á dá gbogbo ẹrù rù, egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa joro nítorí pé kò ríṣẹ́ ṣe. Vanadium tó bá sì jò sára lè pa sẹ́ẹ̀lì lára.

Mo tún òmíràn wọ̀n: titanium gíráàmù 14.8, niobium 2.6, zirconium 2.6. Mo fi sáńpépà ha wọ́n, mo fọ̀ wọ́n, mo kó wọn sínú àwo bàbà tí omi tútù ń gba abẹ́ rẹ̀. Mo fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ẹ̀rọ, mo fi argon, afẹ́fẹ́ tí kì í ba irin jẹ́, sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ yọ́ ègé titanium lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó lè gbé ìyókù ọ́síjìn mì. Ẹ má fo ibí yìí láé. Irin tèmi jáde, ó ń dán bíi fàdákà.

Mo gé e, mo fi máíkíróskóòpù wò ó: niobium ṣì wà nínú rẹ̀ bíi kókó inú àmàlà! Titanium máa ń yọ́ ní 1668°C, niobium di 2477, ó tún wúwo jù ú lọ, ó sì ti rì sórí bàbà tútù. Ni mo bá gbé niobium sókè níbi tí iná ti máa kọ́kọ́ bà á, mo yí irin náà padà, mo tún un yọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Kókó tán. Mo sè é ní 1000°C nínú ọpọ́n tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, mo jù ú sómi.

Nígbà tí a wọn bó ṣe gan tó, 79 GPa ni. Mo gé e pẹlẹbẹ, mo dán an, a da sẹ́ẹ̀lì egungun lé e ní 37°C. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti na apá gbọọrọ sórí irin náà, wọ́n dì í mú.