Bí mo ṣe gbé maṣíìnì sílẹ̀ fún òru mẹ́wàá ìparí ààwẹ̀

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Lágéré, nílé Ifẹ̀. Télọ̀ tó bá jẹ́ mùsùlùmí mọ ohun tí ojú wa ń rí nínú oṣù Ràmàdáànì. Ìgbà tó yẹ ká jókòó ti Ọlọ́run jù lọ, ìgbà náà gan-an ni aṣọ ń kún ṣọ́ọ̀bù jù lọ, torí gbogbo èèyàn ló fẹ́ wọ tuntun lọ sí yídì.

Lọ́dún 2024, ìdí maṣíìnì ni òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n bá mi. Mò ń rán bọ́tìnì mọ́ bùbá léèsì kan, mo sì ń gbọ́ ohùn lémọ́mù láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, wọ́n ń kírun tàhájúdì, ìrun àárín òru. Kí n tó gbórí sókè, wọ́n ti ń jí àwọn èèyàn sí sààrì. Omi bọ́ lójú mi. Súrà al-Qadr sọ fún wa pé òru abiyì, èyí tí a ń wá nínú òru mẹ́wàá ìparí ààwẹ̀, sàn ju ẹgbẹ̀rún oṣù lọ, ìyẹn ọdún 83 àti oṣù mẹ́rin. Bóyá òru ọjọ́ náà ni, bóyá òun kọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé bó bá jẹ́ òun, n kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí oṣù Ṣáábánì, oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, wọlé lọ́dún 2025, mo ṣí ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, mo kọ nǹkan mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo máa ka Kùránì tán lẹ́ẹ̀kan. Mo máa fi àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀ rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọ ilé kéú àdúgbò wa. Láti òru kọkànlélógún, n kò ní fọwọ́ kan maṣíìnì mọ́ lẹ́yìn Ìṣáì. N kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti kọ bí ogún nǹkan rí lọ́dún kan, nígbà tó fi máa di ààwẹ̀ kẹwàá, n kò rántí ibi tí mo fi ìwé náà sí mọ́.

Ti maṣíìnì yìí ló le jù, torí àdúrà nìkan kọ́ ló máa yanjú rẹ̀, ìṣirò wà níbẹ̀. Èmi àti ọmọṣẹ́ mi méjì lè rán ìró àti bùbá mẹ́ta lóòjọ́ bí iná bá wà. Mo yọ àwọn ọjọ́ Jímọ̀ tí a kì í pẹ́ níṣẹ́, mo yọ àwọn ọjọ́ tí iná máa ṣe bó ṣe máa ń ṣe, mo wá fi gbèdéke aṣọ tí mo máa gbà sí 50. Mo kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn, mo sì ń sọ ọ́ lẹ́nu fún ẹnikẹ́ni tó bá yà. Ààwẹ̀ kẹsàn-án ni ìwé kún.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, Àlàájà kan tí mo ti ń ránṣọ fún láti ọjọ́ pípẹ́ gbé àǹkàrá dé, tiẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀.

"Àǹtí télọ̀, èmi náà lẹ ń lé padà?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò lé yín. Mi ò fẹ́ gba owó yín kí n wá fi òru Ọlọ́run san án ni."

Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ wà ní òpópónà kejì, onígbàgbọ́ ni. Òun ló gba ti Àlàájà àti àwọn mìíràn, aṣọ mọ́kànlá lápapọ̀. Bí Kérésì bá dé, èmi náà á gba tirẹ̀. Owó iṣẹ́ mọ́kànlá yẹn lọ lóòótọ́, ó sì hàn nínú ọjà tí a rà fún ọdún.

Kùránì ní tirẹ̀, ojú ìwé 604 ni ẹ̀dà Mẹ̀dínà tí mo ní. Bí èèyàn bá ka mẹ́rin lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan nínú ìrun márààrún, 20 lóòjọ́ nìyẹn, juzu kan, ìyẹn ìpín kan nínú ọgbọ̀n. Ẹnu mi kò yá, ilé kéú tí mo lọ ní kékeré kò pẹ́, ojú ìwé mẹ́rin ń gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo gbé e sórí pákó tí a ń to òwú sí, kí n lè kà á lẹ́yìn Àìlà àti Àsárì kí n tó dìde lórí ẹní. Bí mo bá ti dìde, oníbàárà ti gbà mí nìyẹn.

Nǹkan oṣù dé ní ọjọ́ kẹfà. Àwa obìnrin kì í fẹ́ sọ ọ́ níta, àmọ́ ẹni tó bá ń ṣètò ààwẹ̀ rẹ̀ tí kò kà á mọ́ ọn, ètò náà máa dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí kíké Kùránì lásìkò yẹn. Ìyàwó àfáà wa ní kí n má fọwọ́ kan tákàdá náà, kí n máa gbọ́ ọ, kí n sì máa ṣe àsìtàgìfárù, ìyẹn títọrọ àforíjì. Mo fi fóònù gbọ́ ọ nídìí maṣíìnì. Mo ṣì ń jí dáná sààrì fún bàbá àwọn ọmọ mi, torí Ànábì sọ pé ẹni tó bá fún aláààwẹ̀ ní oúnjẹ ìṣínu máa gba irú láádá rẹ̀, mo sì nírètí pé ti sààrì náà kò ní lọ lásán. Ọjọ́ márùn-ún yẹn ni mo fi rán ẹ̀wù àwọn ọmọ kéú, mẹ́sàn-án péré ni aṣọ tó.

Nígbà tí mo padà sórí ìwé ní ọjọ́ kọkànlá, ojú ìwé 504 ló kù. Mo sọ mẹ́rin di márùn-ún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, a fi àkàrà àti ẹ̀kọ ṣínu, a kírun Ìṣáì àti àsámù, ìrun alẹ́ inú ààwẹ̀, mo sì fi aṣọ bo maṣíìnì. Aṣọ mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀, ọ̀sán ni àwọn ọmọṣẹ́ fi parí wọn. Mo sùn, mo jí ní nǹkan bí aago méjì. Òru àkọ́kọ́ nira fún mi. Mo kí rákáà mẹ́rin, mo jókòó, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, ọwọ́ mi sì ń wá abẹ́rẹ́. Àdúrà tí Ànábì kọ́ Áíṣà ni mo dì mú: Allahumma innaka afuwwun tuhibbul-afwa fa'fu anni. Ọlọ́run, Aláforíjì ni Ọ́, O fẹ́ràn àforíjì, forí jì mí. Mò ń tún un sọ títí di sààrì.

Òru kẹta ni ọmọṣẹ́ àtijọ́ kan sọ sí mi lọ́kàn, èyí tó kó aṣọ oníbàárà lọ. Mo ti búra pé n kò ní forí jì í láéláé. Àdúrà yẹn há mọ́ mi lọ́nà ọ̀fun. Ó pẹ́ kí n tó lè dárúkọ rẹ̀ kí n sì ní Ọlọ́run, mo ti yọ̀ǹda. Bí n kò bá rí nǹkan mìíràn gbà nínú ààwẹ̀ náà, èyí tó fún mi.

Wọ́n rí oṣù ní alẹ́ ọjọ́ 29, nítorí náà ọgbọ̀n ọjọ́ tí mo ti ń kà kò pé. Ojú ìwé 29 ló kù, mo wà nínú Súrà al-Muddaththir. N kò sáré kà á. Ní àárọ̀ ọdún, a wọn ìrẹsì sàká fìtírì, ọrẹ oúnjẹ ìparí ààwẹ̀, fún àwa márààrún kí a tó lọ sí yídì, ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹrin fún olúkúlùkù. Nígbà tí àlejò tán lálẹ́, mo jókòó mo kà á dé Súrà an-Nás, mo sì tún ṣí Fátíà. Ààwẹ̀ márùn-ún tó wà lọ́rùn mi nítorí nǹkan oṣù, mo gbà á ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nínú oṣù Ṣàwáálì tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti dákẹ́.