Pèrègún ẹ̀yìn ilé

Ilé tí mo rà ní Parakin, Ilé-Ifẹ̀, kì í ṣe ilé ńlá. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀ kan, kànga kan, àti igi ọsàn kan tó ń so bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Bàbá tó ni ín ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ìbàdàn, wọ́n sì fẹ́ kí n sanwó kí oṣù tó parí. Mo ti ń ṣètò ibi tí màá gbé fíríìjì sí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí: "Ta ló bá ọ wọn ilẹ̀ náà?" Mo ní fẹ́ǹsì ti yí i ká, kí la tún fẹ́ wọ̀n? Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn ní n ò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ títí awọnlẹ̀ yóò fi débẹ̀.

Inú bí mi díẹ̀, n ò ní purọ́. Àmọ́ Ifẹ̀ tí a ní ojúmọ́ ti ń mọ́ wá yìí náà ni mo ti rí ilẹ̀ kan tí wọ́n tà fún ẹni mẹ́ta, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mú rìsíìtì dání.

Mo lọ bẹ Bàbá kí wọ́n fún mi ní ẹ̀dà píláànù ilẹ̀. Wọ́n fà á yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú fáìlì tí ikán ti jẹ létí. Mo wò ó, àyà mi já. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọ sórí rẹ̀! Mo ní ayédèrú rèé. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ awọnlẹ̀, ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní kí n wo déètì: 1988. Oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́. "Mọ́mì, tó bá jẹ́ pé Ọ̀ṣun ni wọ́n kọ sí i ní 1988, ìgbà yẹn gan-an ni ká sá."

Ọkùnrin yìí kọ́ ni éjẹ́ǹtì kọ́kọ́ mú wá o. Éjẹ́ǹtì ní òun lẹ́nì kan tí yóò ṣe é ní ìdajì owó. Mo bi í bóyá onítọ̀hún wà nínú ìwé SURCON, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ní ẹni náà mọṣẹ́ ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n píláànù tí awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ kò tẹ òǹtẹ̀ sí, ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni.

Mo rò pé Parakin la máa kọ́kọ́ lọ. Abéré ló ní ká lọ, ní sẹkitéríàtì ìjọba. A gba Sẹ̀kọ̀nà àti Ẹdẹ, a ò tilẹ̀ dé ìgboro Òṣogbo ká tó sọ̀kalẹ̀. Awọnlẹ̀ tó bá ya píláànù gbọ́dọ̀ kó ẹ̀dà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ̀dà pupa, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Bí ìwé Bàbá bá jẹ́ ojúlówó, ó yẹ kí ìkejì rẹ̀ wà nílé. Ó wà, lẹ́yìn tí wọ́n ti wá a títí tí ebi fi ń pa mí. Wọ́n tún gbé ilẹ̀ náà sórí máàpù, láti wò ó bóyá ó bọ́ sí ibi tí ìjọba ti gbà fún títì tàbí ilé-ìwé. Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti dé ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà níkàáwọ́ gómìnà, ibi tí ìjọba bá sì ti fàmì sí, fẹ́ǹsì tìẹ ò lè dí i lọ́wọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ náà mọ́. Mo ra bọ́ọ̀lì jẹ, mo ní ó parí.

Kò parí. Ọjọ́ Sátidé ni awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, ọkọ́ àti àdá. Bíkìn mẹ́rin ló wà nínú píláànù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Òpó kọnkéré tí wọ́n fi ń sàmì sí igun ilẹ̀ ni bíkìn, wọ́n máa ń ri ọ̀pọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, orí nìkan ni wọ́n ń fi síta. Ti àkọ́kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Àwọn ọmọ Bàbá ti fi í pọ́n àdá títí nọ́ńbà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ìkejì wà ní igun iwájú kejì, ìkẹta lábẹ́ òkìtì eérú lẹ́yìn kíṣìnnì.

Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ wà. Ní igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, pèrègún kan wà níbẹ̀ tó ga ju fẹ́ǹsì lọ. Pèrègún ni àwọn bàbá wa fi ń pààlà, torí kì í tètè kú, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Bíríkìlà tó mọ fẹ́ǹsì náà kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ pèrègún ló na okùn dé. Àmọ́ ẹ̀rọ ò yà síbẹ̀. Inú ọgbà ló tọ́ka sí, mítà 1.6 sí fẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà gbẹ́lẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ dé orúnkún. Ọkọ́ dún lórí kọnkéré. Wọ́n fọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò, nọ́ńbà tó wà nínú píláànù ló jáde. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Nǹkan bíi sikuéà mítà 29 ilẹ̀ ẹlòmíràn ni fẹ́ǹsì ti kó mọ́ra, ní igun mẹ́ta tóóró. Sókàwéè ilé tí mo fẹ́ rà sì wà láàárín rẹ̀.

Ìyá àgbà tó ni ilẹ̀ kejì ti yọjú lórí fẹ́ǹsì, tí wọ́n ń rin pákò. Wọ́n ní àwọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Mo bi wọ́n pé ta ló wá gbin pèrègún. Wọ́n ní ayálégbé kan ni, ewúrẹ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu tó fi rì í mọ́lẹ̀. Awọnlẹ̀ mi orí. "Pèrègún kì í purọ́, ẹni tó gbìn ín ni."

Àánú Bàbá ṣe mí. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń wo ihò yẹn bí ẹni pé òkú wà níbẹ̀. Mo bi Ìyá àgbà bóyá wọ́n lè ta igun náà fún mi. Wọ́n ní ti àwọn ọmọ àwọn ni. Ó tọ́ sí wọn. A fẹnu kò pé fẹ́ǹsì á padà sórí bíkìn, sókàwéè á sì kúrò lẹ́yìn òjò. Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Bàbá yọ ₦700,000 kúrò nínú owó ilé fún iṣẹ́ náà. Tèmi, owó awọnlẹ̀, owó Abéré, owó mọ́tò àti píláànù tuntun lórúkọ mi, ₦240,000 ló jẹ́. Ká ní mo ti sanwó ilé tán kí ọkọ́ tó kan kọnkéré yẹn, tèmi ni ẹjọ́ ì bá jẹ́ pẹ̀lú Ìyá àgbà, Bàbá á sì ti wà ní Ìbàdàn.

Mo ti kun bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dà funfun. Pèrègún ṣì dúró, nínú ọgbà Ìyá àgbà báyìí. Mo ní ṣé wọn ò ní gé e ni? Wọ́n ní rárá, ewúrẹ́ ṣì pọ̀ ládùúgbò.