Bí mo ṣe ṣọ́ ewé ẹ̀wà títí ó fi kú

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ewé tó bá pọ́n ti ń jẹrà nìyẹn: ó gbó, ó rẹ̀ ẹ́, ó kú. Ìgbà tí mo kà á pé igi fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ ikú ewé rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì inú ewé sì ń pa ara rẹ̀ létòlétò, ni mo ní kí n fojú ara mi rí i.

Mo gbin ẹ̀wà méjìlá sínú ike kéékèèké, mẹ́wàá hù. Mo dúró títí ewé méjì àkọ́kọ́, àwọn tó máa ń kọjú síra wọn, fi gbòòrò dáadáa. Mo wá fi fóìlì we ewé kan lára igi mẹ́ta, mo gbé wọn sójú oòrùn.

Àṣìṣe gbáà! Nígbà tí mo tú u lọ́jọ́ kejì, ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rọ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ohun tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná. Wọ́n gbẹ tòun ti àwọ̀ ewé wọn, wọn ò pọ́n rárá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àṣìṣe yẹn wúlò. Ewé tí ooru pa lójijì máa ń kú tòun ti ẹrù inú rẹ̀ ni, igi ò rí nǹkan kan kó níbẹ̀. Ikú tí mo ń wá ni èyí tí wọ́n ti palẹ̀ ẹrù mọ́ kó tó dé.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méje tó kù. Mo fi bébà dúdú ṣe àpò, mo fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, mo fi bo ewé kan ṣoṣo lára igi mẹ́ta. Mo fi páálí bo igi méjì látòkè délẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan méjì yòókù.

Lọ́jọ́ kẹfà, ewé tí mo dá bò ti ń di ìyeyè láti etí wọ inú, ẹ̀gbẹ́ iṣan rẹ̀ nìkan ló ṣì tutù. Ìkejì rẹ̀ lórí igi kan náà ń dán yọ̀yọ̀. Àwọn abẹ́ páálí ńkọ́? Wọ́n ti ga rùdù, ara wọn ti funfun lókè, ṣùgbọ́n ewé méjèèjì ìsàlẹ̀ ò tíì pọ́n! Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti gbé ike fún ike ni. Àṣé Weaver àti Amasino, àwọn onímọ̀ ewéko méjì, ti rí irú rẹ̀ ní 2001 lára Arabidopsis, ewéko kékeré kan tí àwọn onímọ̀ máa ń fi ṣe ìwádìí: ewé kan tí a dá bò máa ń yára gbó, ṣùgbọ́n bí gbogbo igi bá wà lókùnkùn, ewé rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbó. Òkùnkùn nìkan kọ́ ló ń pa ewé nígbà náà. Ewé tí kò mú nǹkan wálé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú wá ni igi ń lé. Bí kò bá sẹ́ni tó ń mú nǹkan wá, ta ni yóò lé ta ni?

Ibi tí àwọ̀ ewé wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn kilorópláàsì, ni èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn ewé wà, púpọ̀ rẹ̀ sì wà nínú purotéènì kan tó ń jẹ́ Rubisco. Ibẹ̀ ni ìtúpalẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tú purotéènì sí wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o gba inú iṣan lọ sára ewé titun àti èso. Bí àwọ̀ ewé ṣe ń parẹ́ ni àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ látilẹ̀ ń yọjú. Núkílíọ́ọ̀sì tó ń pàṣẹ àti mitokọ́ńdríà tó ń pèsè agbára ló máa ń kẹ́yìn. Ẹni tó ń kẹ́rù lóru kì í kọ́kọ́ pa àtùpà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ló kàn: ṣé ewé lè yí padà? Mo tú àpò kúrò lára ìkan tó pọ́n dé ìdajì. Mo gé igi náà lókè ewé, mo já ewé kejì, mo sì ń re gbogbo ọ̀mùnú tó bá tún fẹ́ yọ. Ìkan tó ti pọ́n tán pátápátá náà, mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó pọ́n dé ìdajì ti tún tutù padà. Gbòǹgbò ló ń fi sàítókáínì, èròjà tí kì í jẹ́ kí ewé tètè gbó, ránṣẹ́ gba inú igi, ewé kan ṣoṣo yìí ló sì kù láti gbà á. Ní 1957, àwọn onímọ̀ méjì, Richmond àti Lang, fi kinetin, ọ̀kan lára irú èròjà náà, sí ewé tí wọ́n ti já lára ewéko kan tó ń jẹ́ Xanthium, ewé náà sì pẹ́ kó tó pọ́n. Èyí tó ti pọ́n tán já bọ́ lọ́jọ́ kẹrin. Ojú ibi tó ti já mọ́ bí ibi tí wọ́n fi abẹ gé: ohun tó lẹ sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ pọ̀ ni igi ti yọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Bí mo ṣe ń bomi rin wọ́n, mo rántí pé òkú sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Igi ò ní sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn kiri gbé òkú mì bíi tinú ara wa, torí ògiri yí kálukú ká. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di ọ̀nà omi á kọ́kọ́ mú ògiri rẹ̀ le, àpò omi ńlá inú rẹ̀ á wá bẹ́, èròjà inú rẹ̀ á jẹ ìyókù tán, yóò ku ògiri tó dá dúró. Ikú rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn méjì tí mi ò fọwọ́ kàn so èso, wọ́n sì gbẹ dé ìdí bí èso wọn ṣe ń gbẹ. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Èyí tí mo gé lórí ò so nǹkan kan. Ewé kan ló ní, ó nípọn bí awọ, ó dúdú mìnìmìnì, ó ṣì wà lójú fèrèsé mi.